Fáyọ̀kẹ́ Olórí Àáró

Bí ẹ bá dé Ìfọ̀nyìn, tí ìjọba ń kọ ní Ifangni, tí ẹ sì bèèrè akẹ́kọ̀ọ́ tó mú kí Mùsùlùmí máa bá Kristẹni ro oko, ẹ kò ní í bèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn onízémìjàn tó ń fi alùpùpù gbé èrò lọ sí Ìgólò á júwe rẹ̀ fún yín. Àwọn ìyá tó ń yan gaàrí lẹ́bàá ọ̀nà á sọ ìtàn náà, wọn á sì bu iyọ̀ sí i. A kò ní í bu iyọ̀ kankan sí i níbí. Ìtàn náà dùn tó bó ṣe wà, orí ẹni tó ń sọ ọ́ sì ń wú, nítorí pé ọmọ wa ni.

Fáyọ̀kẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ olówó, kì í sì í ṣe ẹni tí ọjà máa ń dá dúró láti wò. Ọmọ Ifátóyè àgbẹ̀ ní Banigbé ni, ọmọ tí wọ́n bí sáàárín ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ, tó ti mọ koríko yàtọ̀ sí àgbàdo kó tó mọ A yàtọ̀ sí B. Ilé Ifá ni ilé Ifátóyè. Bàbá náà kì í fi pariwo, kì í sì í fi pamọ́. Ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń ka ọ̀sẹ̀ tiwọn. Bí ọjọ́ ìsìn Ifá bá ti pé, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni nínú ilé kì í fi ọkọ́ kan ilẹ̀. Wọ́n lè pọn omi, wọ́n lè se oúnjẹ, wọ́n lè lọ kí ẹbí ní Tchaada. Ọkọ́ nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó sinmi. Bí Fáyọ̀kẹ́ ṣe bá a nìyẹn, kò sì fìgbà kan rí kà á sí wàhálà.

Ilé ìwé ló kọ́kọ́ dí i lọ́wọ́. Ọ̀gá ilé ìwé àkọ́kọ́ tó lọ ní orúkọ rẹ̀ le lẹ́nu òun, ó sì kọ Fortunée sílẹ̀ fún un. Orúkọ náà kò burú. Ó tẹ̀ lé e dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, ibẹ̀ ló sì ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe àwọn ọmọ ilé òrìṣà. Àwọn yòókù á sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí àga. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gba máàkì tó dáa, wọ́n á ní oògùn ló lò. Bí yunifásítì ṣe wá ṣí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sẹ́yìn ìlú Ìfọ̀nyìn, tí Fáyọ̀kẹ́ sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń gbé yàrá bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Fortunée, catholique ni ẹ́, àbí?" Fáyọ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó rò ó pé ẹ̀rín lásán kò lè di irọ́. Ẹ̀rín náà di odidi ọdún kan, ó wọ ìkejì, gbogbo kámpọ́ọ̀sì sì ti kà á mọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní kámpọ́ọ̀sì náà, olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ ló ní oko kékeré tirẹ̀, àgbàdo lápá kan, ẹ̀gẹ́ lápá kejì. Monsieur Victorin, olùkọ́ ọ̀gbìn, ló ń bẹ oko wọ̀nyí wò, ẹni tí koríko bá sì bo oko rẹ̀ yóò tún ọdún náà kà. Èyí kò bá ní ariwo nínú ká ní ọkọ́ kárí. Ọkọ́ kò kárí. Bí àwọn Mùsùlùmí bá lọ kírun Jímọ̀, kí wọ́n tó dé, àwọn Kristẹni á ti kó gbogbo ọkọ́ lọ sínú oko tiwọn. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, tí àwọn Kristẹni wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn Mùsùlùmí á san án padà fún wọn. Ká tó wí ká tó fọ̀, wọ́n ti ń fi ọkọ́ pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, àwọn tó fẹ́ di ọ̀gá nínú iṣẹ́ àgbẹ̀, tí wọ́n ń bá ọkọ́ sùn bí ẹni ń bá ìyàwó sùn!

Géraud ni olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni, ọmọkùnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ máa ń kún ṣọ́ọ̀ṣì. Mìkáílù ni olórí àwọn Mùsùlùmí, ọmọ Ìgólò, aláwàdà, ṣùgbọ́n bí inú bá bí i, kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Àwọn méjèèjì gbéná wojú ara wọn débi pé wọn kì í kí ara wọn mọ́. Monsieur Victorin fara dà á títí, ó sú u. Ó pe gbogbo wọn jọ, ó ní òun yóò fi wáyà pín oko náà sí méjì, kí ẹlẹ́sìn kọ̀ọ̀kan gba apá tirẹ̀ àti ọkọ́ tirẹ̀, kí olúkúlùkù dákẹ́ ariwo.

Ọ̀rọ̀ wáyà náà ló gún Fáyọ̀kẹ́ nínú. Ní Banigbé, ó mọ ojú ààlà oko, ó mọ igi pẹ̀rẹ̀gún tí wọ́n ń gbìn síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí wọ́n ti fi wáyà pín aládùúgbò níyà rí. Ó dìde, ó ní, "Monsieur, ẹ má bínú. Nílé wa, bí ọwọ́ kò bá ká oko, àáró la máa ń ṣe. Àwa tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ á jọ ro tèmi lónìí, a ó jọ ro tìrẹ lọ́la, títí á fi kárí. Ẹ jẹ́ ká ṣe é níbí. Ní Jímọ̀, kí àwọn Kristẹni kó ọkọ́, ṣùgbọ́n oko àwọn Mùsùlùmí ni kí wọ́n ro. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, kí àwọn Mùsùlùmí ro ti àwọn Kristẹni. Ẹni tó ń jọ́sìn á jọ́sìn, oko rẹ̀ kò sì ní í di igbó."

Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i. Mìkáílù ní ta ló máa gbà pé Géraud á ro oko fún òun tí kò ní í gé àgbàdo òun mọ́ koríko. Géraud náà ní òun kò fẹ́ ojú rere ẹnikẹ́ni. Fáyọ̀kẹ́ kò bá wọn jiyàn. Ó ní kí wọ́n dán an wò ní ọ̀sẹ̀ kan péré, bí àgbàdo ẹnikẹ́ni bá bàjẹ́, kí wọ́n wá mú lára toun. Monsieur Victorin, tí kò tíì mọ ibi tí òun yóò ti rówó ra wáyà, tètè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtìjú ló kọ́kọ́ mú kí iṣẹ́ náà dára. Géraud kò fẹ́ kí Mùsùlùmí kankan rí koríko tí òun fi sílẹ̀, ó sì ro oko Mìkáílù bí ẹni ń gbálẹ̀ ààfin. Nígbà tí Mìkáílù dé láti mọ́ṣáláṣí, ó dúró létí oko náà, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, kò rí ohun tó máa bú. Ló bá sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, bó bá di ọjọ́ Àìkú, ẹni tó bá fi ewé koríko kan sílẹ̀ nínú oko Géraud á gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ kò tíì gbọ́ rí. Bó ṣe di ìdíje nìyẹn, ìdíje náà di àwàdà, àwàdà sì di ọ̀rẹ́. Ọkọ́ jáde lábẹ́ ibùsùn. Àgbàdo kámpọ́ọ̀sì wá dúdú mìnìjọ̀, àwọn tó ń kọjá lọ sí Ìgólò a máa dúró wò ó. Wọ́n fi Fáyọ̀kẹ́ ṣe olórí àáró láìdìbò, nítorí kò sẹ́ni tó bá a du ipò náà. Láàárọ̀ Àìkú, àwọn Kristẹni gbà pé olórí gbọ́dọ̀ wà lóko, wọn kò sì bèèrè ìdí tí kò fi sí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsìn tirẹ̀ ńkọ́? Àṣírí rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin kì í dúró lójú kan lórí kalẹ́ńdà. Bó bá bọ́ sí Ajé lónìí, Jímọ̀ ni èyí tó kàn, lẹ́yìn rẹ̀ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn rẹ̀ Àbámẹ́ta. Kò sẹ́ni tó lè fura. Bí ọjọ́ náà bá pé, Fáyọ̀kẹ́ á gbé garawa, á ní òun ló máa pọn omi tí àwọn òṣìṣẹ́ máa mu, tàbí kó ní òun ló máa se ẹ̀wà. Wọ́n á máa yìn ín pé kì í gbé ara ga. Ó ń gba ìyìn náà, ó sì ń dùn ún. Gbogbo wọn ti pín ọjọ́ ìsìn, Jímọ̀ fún àwọn wọ̀nyí, Àìkú fún àwọn wọ̀nyẹn, wọ́n sì ti gbà lọ́kàn wọn pé ó ti kárí. Òun tó dá àáró náà sílẹ̀ gan-an ni kò ní ọjọ́ nínú rẹ̀.

Òkìkí wọn kàn dé Àjàṣẹ́ tó jẹ́ olú ìlú. Ọ̀gá yunifásítì ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá fi ojú ara òun rí àáró yìí, òun yóò sì mú ìmáàmù kan, àlùfáà kan àti àwọn olùkọ́ láti ẹ̀ka mìíràn lọ́wọ́, kí wọ́n lè ṣe irú rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Wọ́n ṣèpàdé láti yan ọjọ́. Géraud dìde, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní, "Ìṣẹ́gun ni kó jẹ́. Kì í ṣe Jímọ̀, kì í ṣe Àìkú. Voilà, ọjọ́ tí kò ta ko ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni!" Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Fáyọ̀kẹ́ ń fi ìka kà á lábẹ́ tábìlì. Ajé ni ọjọ́ ọjà Banigbé bọ́ sí, ọ̀la ọjà sì ni ọjọ́ ìsìn ilé wọn máa ń jẹ́ nígbà gbogbo. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ nígbà náà. Kò sọ ọ́, àtẹ́wọ́ ti pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ náà kò ní ibi tí wọ́n lè gbà yẹ̀ ẹ́. Níwájú àlejò, olórí àáró ló máa ń kọ́kọ́ fi ọkọ́ kan ilẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí gbogbo ayé máa wò ó, kò lè gbé garawa. Bó bá fi ọkọ́ kan ilẹ̀, ó ti rú ọjọ́ ilé wọn níṣojú ọ̀pọ̀ èèyàn. Bó bá sọ òtítọ́, wọ́n á mọ̀ pé ó ti ń tan àwọn jẹ láti ọjọ́ yìí, àáró tó gbé ró lórí pé kí wọ́n fọkàn tán ara wọn sì lè fọ́ sí i lọ́wọ́. Kò jẹun dáadáa mọ́.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó wọ zémìjàn, ó gba Banigbé lọ. Ó bá bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ń ṣa ẹyìn kúrò lára ìdì.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Fáyọ̀kẹ́! Olórí àáró!" Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí gbogbo eyín rẹ̀ fi hàn síta. "Jókòó, ọmọ mi. Kò síbi tí mo dé tí n kì í ti í sọ̀rọ̀ rẹ."

Fáyọ̀kẹ́ kúnlẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un láì fi ọ̀kan pamọ́. Lẹ́yìn náà ló bi í pé, "Bí mo bá fi ọkọ́ kan ilẹ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́, Bàbá?"

Ifátóyè ṣa ẹyìn díẹ̀ sí i. "Ilẹ̀ kò ní í gbé ẹ mì," ló wí. "Ifá kò sì rán mi pé kí n nà ẹ́. O ti dàgbà. Ohun tó ń dùn mí, òmíràn ni."

"Kí ni, Bàbá?"

"Mo wá wò ẹ́ lóṣù tó kọjá. Mo gbé iṣu wá. Mo sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yín pé Fáyọ̀kẹ́ ọmọ Ifátóyè ni mo wá rí. Ó ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní olórí àáró ni. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, 'Rárá o, Bàbá. Olórí àáró kì í ṣe ọmọ ilé Ifá. Fortunée ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni.' Mo bá gbé iṣu mi, mo padà sílé."

Kò pariwo. Kò bú u. Bó ṣe sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ ló mú kí omi bọ́ lójú Fáyọ̀kẹ́. Ó rí bàbá rẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn, tòun ti iṣu léjìká, ọkùnrin tó ń fi òun yangàn káàkiri, tí wọ́n sì sọ fún pé irọ́ ló ń pa. Ìtìjú bò ó. Ó bẹ bàbá rẹ̀, bàbá náà sì gbé e dìde, ó ní kó lọ jẹun.

Ìṣẹ́gun dé. Wọ́n to àga sábẹ́ igi máńgòrò létí oko, àwọn àlejò jókòó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì tò lẹ́sẹẹsẹ lójú ebè, olúkúlùkù pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Monsieur Victorin wọ kóòtù tó fún un mọ́ra. Ó dìde, ó sọ̀rọ̀ kan tó dùn gan-an. Ó ní, "Mo fi ọwọ́ sọ̀yà fún yín lónìí pé ní kámpọ́ọ̀sì yìí, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó ń ro oko lọ́jọ́ ìsìn rẹ̀. Pas un seul, kò sí ẹyọ kan!" Ìmáàmù mi orí, àlùfáà náà mi orí, àtẹ́wọ́ sọ. Wọ́n wá gbé ọkọ́ tuntun kan lé Fáyọ̀kẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ní kó ṣí iṣẹ́ náà.

Fáyọ̀kẹ́ gbà á, ó wò ó, kò tẹ̀ síwájú. Ó yíjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn àlejò kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi," ló wí. "Fáyọ̀kẹ́ ni orúkọ mi. Ifátóyè ti Banigbé ló bí mi. Ilé Ifá la ti bí mi, ẹ̀sìn ilé wa náà ni mò ń sìn. N kì í ṣe catholique, n kò ṣe é rí. Ẹ rò bẹ́ẹ̀, mo sì jẹ́ kẹ́ ẹ rò bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀rù ń bà mí. Òní ni ọjọ́ ìsìn tiwa. N kò lè fi ọkọ́ kan ilẹ̀ lónìí. Mo tàn yín, ẹ dárí jì mí."

Òógùn bo Monsieur Victorin, ó ń wá ojú ọ̀gá yunifásítì. Ọmọbìnrin tó bá Fáyọ̀kẹ́ gbé yàrá fi ọwọ́ bo ẹnu. Géraud ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò dùn rárá.

"O bá wa jókòó títí báyìí, Fortunée, o ò sọ fún wa?"

"N kò sọ ọ́."

"Ọ̀pọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tí mo bá ń ro oko Mìkáílù, ìwọ lo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àárọ̀ Àìkú tí mo bá ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, Mìkáílù sọ fún mi pé ìwọ lo máa ń kó wọn lọ sínú oko mi. Bó bá wá di ọjọ́ tìrẹ, ta ló ń bá ẹ ro?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n," ni Fáyọ̀kẹ́ dá a lóhùn. "Mo máa ń wá nǹkan mìíràn ṣe."

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé Géraud, ìbínú rẹ̀ sì ń yí kúrò lára Fáyọ̀kẹ́, ó ń padà sórí ara rẹ̀. Mìkáílù ti tẹ̀ síwájú ní tirẹ̀.

"Nígbà wo ni ọjọ́ náà máa tún pé?" ló bi í. "Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

"Ọ̀la ọjà Banigbé. Gbogbo ọ̀la ọjà ni."

"Ọ̀la ọjà kẹ̀?" Mìkáílù bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ràn mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ìyá mi ń ta àlùbọ́sà lọ́jà náà láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi! Ta ni kò mọ ọ̀la ọjà níbí? Ìyá Géraud náà ń ná an. A ti ń ka ọjọ́ yìí láti kékeré, a kàn ò mọ̀ pé ìwọ la ń bá kà á ni."

Géraud kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra gbé ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ebè. Kò wo ọ̀gá yunifásítì, kò wo Monsieur Victorin. Mìkáílù gbé tirẹ̀ tì í. Lẹ́yìn wọn, ọkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Kristẹni lápá ibí, Mùsùlùmí lápá ọ̀hún, títí kò fi ku ẹnì kan tó ní ọkọ́ lọ́wọ́ yàtọ̀ sí Fáyọ̀kẹ́, tó dúró tí omi ń da lójú rẹ̀ pòròpòrò, tó sì gbé orí sókè bí kò ṣe gbé e sókè rí láti ọjọ́ tó ti dé kámpọ́ọ̀sì náà.

Ọ̀gá yunifásítì dìde lórí àga. Ó wo oko, ó wo àwọn ọkọ́ tó sùn gbalaja lójú ebè.

"Bon," ló wí. "Mo wá láti Àjàṣẹ́ kí n lè rí àáró yín. Donc, kò ní í sí iṣẹ́ lónìí?"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo ara wọn. Géraud ló dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ tó máa ń kún ṣọ́ọ̀ṣì sì kún gbogbo oko náà.

"Ẹ má bínú, Monsieur. Bó bá di ọ̀la, ẹ máa bá wa lẹ́nu iṣẹ́. Òní, ọjọ́ ìsìn wa ni."